Ẹ Jẹ́ Ká Máa Fi Ọwọ́ Ara Wa Ti Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá.

Kò sẹ́ni tó máa fi gààrí àti mílíìkì rẹ̀ sínú lọ́kà, kó wá máa retí pé lọ́kà á ti ara rẹ̀ tó bá yá. Ọwọ́ wa la fi ń ti agádágodo, a ó sì fà á wò kí a tó lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ti kọ̀ǹpútà, àtọmọdé àtàgbà á kàn dìde, wọ́n á ní, "Fi í lẹ̀, á ti ara rẹ̀." Lójú tèmi, àṣà yìí ò dáa.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kì í tì lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ sí ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 10 nilẹ̀kùn fi ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìṣẹ́jú kan péré ti tó láti yí máàkì padà, tàbí láti fi orúkọ ẹni kọ ìsọkúsọ. Ta ni wọ́n máa mú? Ẹni tó ni àkáǹtì ni.

Èkejì, bí fídíò bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀rọ lè má tì rárá, torí ètò tó ń gbé fídíò jáde máa ń sọ fún un pé kó má sùn. Ẹ̀kẹta, kí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn yàtọ̀ sí kó tì. Bí wọn ò bá ṣètò pé kó béèrè pásíwọ́ọ̀dù, ẹni tó bá ti mi máòsì, gbogbo ẹ̀ á hàn kedere.

Kódà, ìtìpa fúnra rẹ̀ lè kùnà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìròyìn jáde pé àwọn ọmọdé kan ń fi kọ̀ǹpútà òbí wọn tó ń lo Linux Mint ṣeré. Wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì bó ṣe wù wọ́n, ni ìtìpa bá dákú, ojú ẹ̀rọ sì ṣí láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Àwọn tó ṣe Linux Mint ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gba àtúnṣe náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ihò ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Bí ògiri ò bá sì lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.

Àwọn kan á ní, "Kí ló tiẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwé?" Èsì ìdánwò wa ńkọ́? Ọjọ́ ìbí wa àti nọ́ńbà fóònù òbí wa ńkọ́? Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ní Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, sọ pé ẹni tó bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ dáadáa.

Òótọ́ ni pé pásíwọ́ọ̀dù títẹ̀ ń súni. Agádágodo náà ń súni, a ò sì tìtorí ẹ̀ ṣí lọ́kà sílẹ̀.

Nítorí náà, bí Windows bá ni, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ L kí ẹ tó dìde. Lórí ẹ̀rọ tí a jọ ń lò, ẹ jáde pátápátá kúrò nínú àkáǹtì yín, kí ẹlòmíì lè ráyè lò ó. Kí ìtìpa tó ń ti ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, bíi mẹ́gáàdì kejì. Mo sì bẹ àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n máa fi aago yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ń tì lóòótọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, kì í ṣe ojú ẹ̀rọ.