Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Irin: Ẹ Kọ́kọ́ Gbọ́ Èdè Rẹ̀

Ní Libreville, olú-ìlú Gabon, ọjọ́ Àìkú lọjọ́ etíkun. Àwọn kan á lọ sí Sablière, àwọn mìíràn á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Pointe-Denis. Wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, òrùka lè ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, owó sẹ́fà lè ti jábọ́ lápò ẹlòmíràn, kí yanrìn sì ti bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń wá irin lè rò pé oko owó rèé. Àmọ́ bó bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì jẹ́ pé ìdérí ìgò nìkan ló ń hú, ó lè jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ò ṣẹ̀. Olówó rẹ̀ ni kò tíì gbọ́ èdè rẹ̀.

Kò sẹ́ni tírú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù Keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ Amẹ́ríkà, James Garfield, ọta sì há sí i lára. Alexander Graham Bell, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, gbé ẹ̀rọ kan wá láti fi wá ọta náà. Ẹ̀rọ yìí ti ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó ti dán an wò, àmọ́ nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ, ariwo tó ń gbọ́ kò yé e. Wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé sípíríìnì irin wà nínú bẹ́ẹ̀dì tí Ààrẹ dùbúlẹ̀ sí. Garfield kú ní oṣù Kẹsàn-án, wọn ò sì rí ọta náà títí tó fi kú.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹ wo ara yín àti àyíká yín wò ná. Fóònù àpò, bẹ́líìtì onírin, ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ gbé sún mọ́ ẹ̀rọ, gbogbo wọn ló lè mú un pariwo.

Èkejì, ẹ mọ ilẹ̀ tẹ́ ẹ dúró lé. Àwo roboto tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà máa ń rán agbára òòfà wọ inú ilẹ̀. Bó bá kan irin, irin náà á dá a lóhùn, ẹ̀rọ á sì dún. Àmọ́ yanrìn tí omi òkun ti rin gbingbin náà ń dáhùn, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Ilẹ̀ pupa pàápàá ń dáhùn, nítorí irin wà nínú erùpẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, níbikíbi tẹ́ ẹ bá dé, ẹ wá ojú ilẹ̀ tí kò sí irin kankan níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé àwo náà sókè, kẹ́ ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún ẹ̀rọ ṣe bí ìwé ìlànà rẹ̀ ṣe wí, títí tí ariwo á fi rọlẹ̀. Yanrìn gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì yí agbára rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ilé ṣe ilé ìwé. Ẹ ri owó ẹyọ kan, ìṣó kan, ìdérí ìgò kan àti òrùka kan mọ́lẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra, kẹ́ ẹ wá máa gbọ́ bí ohùn wọn ṣe yàtọ̀. Bó bá jẹ́ òrùka ìgbéyàwó lẹ fẹ́ lò, ẹ sàmì síbi tẹ́ ẹ rì í sí, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa di ti ẹbí. Ẹ máa fi àwo náà gbálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó sún mọ́lẹ̀, kó má sì fi àlàfo sílẹ̀.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jù rèé: òrùka wúrà kékeré àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣí agolo ohun mímu lè ní ohùn kan náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ òun má dún mọ́ fún pàǹtírí agolo lè rìn kọjá lórí wúrà. Lóṣù àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó bá dún ni kẹ́ ẹ wà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ẹ̀rọ tó ní ó ń rí wúrà láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ kan nílùú London rán James McCormick lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, torí ó ta ayédèrú ẹ̀rọ tó ní ó ń wá bọ́ǹbù fáwọn ìjọba. Waya gbọọrọ lórí ọwọ́ ìdìmú lásán ni.

Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ yín wọ igbó láìgba àṣẹ. Lọ́dún 2011, sójà Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò ní àgọ́ àwọn tó ń wa wúrà ní Minkébé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba àti onílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì dí ihò tẹ́ ẹ bá gbẹ́.

Lọ́jọ́ tí òrùka bá wá jáde, tí orúkọ sì wà nínú rẹ̀, ẹ wá olówó rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti ń sunkún rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú.