Jẹ́sì Kò Gbọdọ̀ Pín Ẹgbẹ́ Wa



Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí àwọn alátìlẹ́yìn Arsenal àti àwọn alátìlẹ́yìn Manchester United nínú ẹ̀ka wa fẹ́ gbá ní Ìlú-Àbò ni ó gba ojú ìwé yìí lóṣù yìí. Àwọn àgbà kan ti sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ eré kò yẹ nínú ìwé tí a fi ń jà fún owó oṣù. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. Ohunkóhun tí ó bá lè mú kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan má lè kí ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ìpàdé ẹ̀ka tí a ṣe kẹ́yìn, dírẹ́bà kan dá àbá pé kí olúkúlùkù máa san ₦500 lóṣooṣù sí àpò ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ó bá ṣàìsàn tàbí tí ó bá fara pa. Àbá rere ni. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà yìí náà ni aṣíwájú àwọn United láàárín wa, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi àwọn ará Arsenal ṣe yẹ̀yẹ́ títí oúnjẹ fi kọ̀ láti lọ lọ́fun wọn. Nígbà tí alága ní kí a nawọ́ sókè, àwọn tí ń di ọjà sí páálí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Arsenal, ká apá mọ́ àyà. Àwọn dírẹ́bà àti àwọn tí ń kó ẹrù sí ọkọ̀ nawọ́. Àbá náà ṣubú. Nígbà tí a bi àwọn tí ó kọ̀ ọ́ pé kí ni ó burú nínú rẹ̀, èsì tí a gbọ́ ni pé, “Ta ni ó gbé e wá ná?”

Kò sí ẹni tí ó bí wa pẹ̀lú jẹ́sì lọ́rùn. Àwọn tí ó ti lé ní ogójì ọdún láàárín wa mọ̀ pé Nwankwo Kanu ni ó mú ọ̀pọ̀ wọn dé Arsenal ní ọdún 1999. Góòlù mẹ́ta tí ó gbá wọ àwọ̀n Chelsea ní oṣù kẹwàá ọdún náà, nígbà tí Chelsea ti fi méjì ṣíwájú, kò tíì tán lẹ́nu wọn títí di òní. Ọdún 1999 yìí kan náà ni United gba ife ẹ̀yẹ ńlá mẹ́ta pọ̀, tí àwọn mìíràn sì bá wọn lọ. Èmi tí mò ń kọ èyí, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ni mo ń tẹ̀ lé, àwọn tí wọ́n dé ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá ìdíje Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2012 kí Al Ahly ti Íjíbítì tó dá wọn dúró. Kò sí ẹni tí ó bá mi jà nítorí wọn rí, bóyá nítorí pé a kò pọ̀.

Ohun tí ó ń dùn wá jù ni pé àwọn tí ń jà nítorí ẹgbẹ́ méjèèjì yìí kò mọ ẹni tí ó dá wọn sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Ní ọdún 1886, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ ìbọn àti ọta, dá owó jọ láti inú owó ọ̀sẹ̀ wọn, wọ́n sì ra bọ́ọ̀lù. Dial Square ni orúkọ ibi iṣẹ́ wọn nínú fakitirì náà, orúkọ yẹn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi pe ẹgbẹ́ wọn. Owó aṣọ kò sí. Àwọn kan nínú wọn tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nottingham Forest rí ṣagbe jẹ́sì níbẹ̀, pupa sì ni èyí tí a fún wọn. Ibẹ̀ ni pupa Arsenal ti wá. Àgbá tí ẹ ń rí láyà jẹ́sì náà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Woolwich ni.

Ti United ńkọ́? Ní ọdún 1878, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní Newton Heath, ní Manchester, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Aṣọ wọn nígbà náà jẹ́ àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà. Ọdún 1902 ni wọ́n tó yí orúkọ padà sí Manchester United. Nítorí náà, bí àwọn oníṣẹ́ fakitirì wa bá ń ṣe Arsenal, tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ wa sì ń ṣe United, bí ó ti rí níbẹ̀rẹ̀ gan-an ni, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀kan ṣì kù tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀. (Ẹ̀yin ará Arsenal, ẹ má bínú, ìtàn United ni.) Láti ọdún 1901 ni òfin àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì ti wà pé ẹlẹ́sẹ̀ ayò kan kò gbọdọ̀ gbà ju pọ́n-ùn mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀, bí ó ti wù kí èrò tí ó sanwó wòran pọ̀ tó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1907, Billy Meredith àti Charlie Roberts, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù fún United, wà lára àwọn tí ó pe ìpàdé ní Manchester láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1909, àwọn aláṣẹ ní kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ náà, tàbí kí wọ́n má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọ̀pọ̀ ní ẹgbẹ́ mìíràn bẹ̀rù, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Àwọn ti United kọ̀. Wọ́n dá owó oṣù wọn dúró, wọ́n ń ṣe ìgbáradì fúnra wọn, wọ́n sì ya fọ́tò pẹ̀lú pátákó kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹgbẹ́ àwọn tí a lé jáde ni àwọn. Kí sáà bọ́ọ̀lù tuntun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ rọ̀, wọ́n gbà kí ẹgbẹ́ náà wà. Òfin pé owó kò gbọdọ̀ ju iye kan lọ kò kúrò títí di ọdún 1961, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò kú.

Ọjọ́ Sátidé tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù pàápàá, ìjà òṣìṣẹ́ ni ó mú un wá. Òfin fakitirì ti ọdún 1850 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní kí ilé ìhunṣọ dá iṣẹ́ dúró ní aago méjì ọ̀sán Sátidé. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ tó rí ààyè fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní ọdún 1945 tí ìdíje ife ẹ̀yẹ Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Marine, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, ni ó kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn wọn, Railway gbà á ní 1946, 1948, 1949 àti 1951. Ọdún 1945 yìí kan náà, ní oṣù kẹfà, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó ọjà tí ó wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé, tí Michael Imoudu jẹ́ olórí wọn, sì wà níwájú. Bọ́ọ̀lù kò dí ìdáṣẹ́sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Kí ni ó wá dé tí ó fi ń dí àbá ₦500 lọ́wọ́ ní ẹ̀ka wa?

Ẹ wo àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ méjèèjì lónìí. Stan Kroenke, olówó Amẹ́ríkà, ni ó ni Arsenal. Ìdílé Glazer, ará Amẹ́ríkà bákan náà, ni ó ni ìpín tí ó pọ̀ jù nínú United, Jim Ratcliffe, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì ra ìpín tirẹ̀ ní ọdún 2024. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Arsenal kéde pé àwọn yóò dá òṣìṣẹ́ 55 dúró, lẹ́yìn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti gbà kí a gé owó wọn kù. Ní ọdún 2024, United lé òṣìṣẹ́ bíi 250 kúrò, wọ́n sì kéde ní oṣù kejì ọdún 2025 pé ó ṣeé ṣe kí bíi 200 mìíràn tún lọ. Àwọn tí wọ́n lé yìí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Akọ̀wé ni, alásè ni, àwọn bíi tiwa ni. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ya aṣọ mọ́ ara yín lọ́rùn ní ilé ìwòran, ẹ rántí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn olówó wọ̀nyí tí ó mọ̀ pé ẹ wà láyé.

Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹ má gbá a. Ẹ gbá a! Àwọn ará wa láti ìlú Oǹdó ti ní àwọn ń bọ̀ wá wòran, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn-ún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, ní Accra, nígbà tí Hearts of Oak fi góòlù méjì sí ẹyọ kan na Asante Kotoko, àwọn alátìlẹ́yìn Kotoko bínú, wọ́n ń fa àga ya, wọ́n ń jù ú sórí pápá. Ọlọ́pàá yin tajútajú, èrò sá, ẹnu ọ̀nà sì wà ní títì. Ènìyàn 126 ni ó kú, Hearts àti Kotoko pọ̀.

Ti wa kò lè tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ń bẹ̀rù ni ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́. Pápá ilé-ìwé tí a fẹ́ lò kún fún òkúta, àwọn tí yóò sì wọ̀ ọ́ ti di bàbá ọlọ́mọ. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àgbàsíṣẹ́ ń dá owó sí, ti ẹni tí ó fara pa nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú nítorí Arsenal, ẹnu ìloro ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni yóò yíjú sí? Àpò ìrànlọ́wọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ká apá mọ́ àyà nítorí rẹ̀!

Ọ̀rọ̀ ọkàn náà wà níbẹ̀. Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, kò sì dìde mọ́. Chineme Martins ti Nasarawa United náà ṣubú ní Lafia ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ wọn sì ni bọ́ọ̀lù. Kí ni kí a wá sọ nípa ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tí kò sáré láti ìgbà tí ó ti jáde ilé-ìwé, tí ó tún mu paraga kí ó tó wọ pápá?

Ohun tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka béèrè nìyí. Kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá gbogbo ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí tirẹ̀ bá ga, kí ó jókòó. Kí ọkọ̀ kan tí epo wà nínú rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí dírẹ́bà rẹ̀ má sì wọ jẹ́sì kankan. Bí ẹnì kan bá ṣubú tí kò mí, ẹ má ṣe da omi lé e lórí: ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ó tó ìgbà ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́fà ní ìṣẹ́jú kan, títí ẹ ó fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Rẹfirí yóò wá láti ìta ẹ̀ka wa. Owó ẹnu ọ̀nà, inú àpò ìrànlọ́wọ́ ni yóò lọ, àwọn ìyá wa tí ń di ọjà ni yóò sì kà á. Ẹ̀yin ọkùnrin mọ ìdí rẹ̀.

Ìpàdé ẹ̀ka yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A ó tún gbé àbá ₦500 kalẹ̀. A ti bẹ balógun Arsenal pé kí ó dá a, kí balógun United sì kín in lẹ́yìn. Ọ̀kan ti gbà. A ń retí èkejì.