Ẹ Wọn Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Gba Owó Máàsì

 

Ní ọdún tó kọjá, àwọn ọkùnrin méjì kan wá bá ìgbìmọ̀ ilé-kéwú wa. Wọ́n ní àwọn ń wá ilẹ̀ díẹ̀ tí àwọn yóò ri máàsì fóònù sí, àti pé ẹ̀yìn ilé-kéwú wa bá àwọn lára mu. Owó tí wọ́n ní àwọn yóò máa san lọ́dọọdún ju gbogbo owó tí à ń gbà lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ lọ. Mo wà ní ìjókòó yẹn. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Olùkọ́ ni mí, wọ́n sì jẹ mí ní owó oṣù mẹ́ta nígbà náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè ọ̀rọ̀, bàbá àgbà kan tó ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà rí. Ó ní, "Ẹ̀yin áfáà, ibi tí ẹ fẹ́ fún wọn yìí, báwo ló ṣe jìnnà tó sí ògiri màmá tó múlé tì wá?" Kò sí ẹni tó lè dáhùn. A mú téèpù, a wọ̀n ọ́n. Láti ibi tí máàsì àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ yóò wà dé ara ilé màmá náà, ó lé ní mítà 5, kò sì pé mítà 6. Yàrá tí màmá ń sùn ló wà lẹ́yìn ògiri ọ̀hún. Opó ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí n kò sọ. N kò sọ pé máàsì jẹ́ haráámù. Láti 2001 tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà ni gbogbo wa ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí kò bá sí máàsì, kò sí ìpè, kò sí wáàsí tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù yín, ẹ kò sì lè ka ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ yìí. Orí ilẹ̀ ẹnì kan ló sì gbọ́dọ̀ dúró sí. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé: ibo ló yẹ kó wà, báwo ló sì ṣe yẹ kó wà níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò sọ pé máàsì ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rántí ariwo 5G ní 2020, nígbà tí àwọn kan ń sọ pé òun ló mú àrùn Kòrónà wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn dáná sun máàsì nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí yìí. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé ìtànṣán máàsì kò ní agbára irú ti X-ray. Ní 2011, àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé kọ irú ìtànṣán yìí mọ́ àwọn ohun tó "ṣeé ṣe" kó fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ìwádìí lórí àwọn tó ń gbé fóònù sétí fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n gbára lé jù. Èyí tó ń ti ara máàsì dé bá àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ kéré gan-an sí òdiwọ̀n tí ayé fọwọ́ sí, àjọ ìlera àgbáyé kò sì tíì rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣe wọ́n léṣe. Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa nínú Àlùkùránì pé bí ìròyìn bá dé, ká wádìí rẹ̀ kí a má baà ṣe àwọn kan ní jàǹbá pẹ̀lú àìmọ̀. Àṣẹ yẹn kan àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù pẹ̀lú.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé irọ́ máa ń ba ẹjọ́ olótìítọ́ jẹ́. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ dé ọ̀fíìsì, wọn yóò mú ìwé òdiwọ̀n ìtànṣán jáde, ẹjọ́ yín parí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tọ̀sán-tòru, èéfín tó ń wọ yàrá, dísẹ̀lì tó ń jò sínú ilẹ̀ tí kànga wà, irin gíga tó lè wó lulẹ̀ nígbà ìjì, kò sẹ́ni tó máa rántí wọn mọ́. Àwọn wọ̀nyí sì ni ìnira tó dájú.

Kí ni òfin wa wí? Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, NCC ló sì ń ṣàkóso rẹ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2009, mítà 5 ni wọ́n ní kó wà láàrin máàsì àti ilé tó súnmọ́ ọn jù. Ní 2011, ìlànà NESREA, àjọ tó ń ṣọ́ àyíká, jáde, òun ní mítà 10. Bẹ́ẹ̀ ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, pé ètò ìlú àti ilé kíkọ́ wà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Èkó ní àjọ tirẹ̀, LASIMRA, tó ń fọwọ́ sí irú nǹkan báyìí. Ẹ wá rí i pé ọwọ́ mẹ́ta ló wà lórí máàsì kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ ri máàsì yóò mú òfin tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tí àwọn ọkùnrin méjì yẹn sọ fún wa gan-an nìyẹn: "A ti kọjá mítà 5."

Ṣùgbọ́n ṣé mítà 5 ni òpin ẹ̀tọ́ aládùúgbò? Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún wa pé Mọláíkà Jibrīl ń kìlọ̀ ọ̀rọ̀ aládùúgbò fún òun títí òun fi rò pé yóò fi í kún àwọn tó ń jogún. Ó tún kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ ni ẹlòmíràn lára, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìnira san ìnira. Ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, bíríkìlà kan wà ní Tunis tó ń jẹ́ Ibn al-Rāmī. Àwọn adájọ́ máa ń rán an lọ wo ilé tí ìjà bá wà lórí rẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí ìdájọ́ ilé kíkọ́ ní ìlànà Mālik, ìlànà tí àwa náà ń tẹ̀lé. Èéfín, òórùn àti ariwo tó ń ti ilẹ̀ ẹnì kan wọ ilé ẹlòmíràn wà lára ohun tó gbé yẹ̀ wò. Jẹnẹrétọ̀ kò tíì dé ayé nígbà náà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní, "Ilẹ̀ wa ni, halāl ni owó náà, ẹ̀sìn la ó fi ṣe." Mo dá wọn lóhùn pé Ọlọ́hun ti kìlọ̀ pé ìnira máa ń ba sàárà jẹ́. Kéwú tí a fi àìsùn opó ra bíríkì rẹ̀, ta ni yóò gba láádá rẹ̀? A ní kí wọ́n sún un sí apá kejì ilẹ̀ wa, níbi tó ti lé ní mítà 10 sí gbogbo ilé. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kò ní rí ọ̀nà débẹ̀. Wọ́n lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, máàsì náà yọ ní òpópónà kejì sí tiwa. Onílé ibẹ̀ kò wọn nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú mi ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń sùn lórí wàláà rẹ̀ ní àárọ̀. Owó oṣù mi kò tíì pé, ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ kò sì kí mi dáadáa mọ́. Mo wá rí i pé bí ẹnì kan bá kọ̀ tí àdúgbò kò mọ̀, ńṣe ni ìnira kàn ń ṣí lọ sílé ẹlòmíràn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sí yín nìyẹn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá bá yín, ẹ wọn ilẹ̀, kí ẹ sì di mítà 10 mú. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó múlé tì yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ àti ìwádìí lórí àyíká. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé jẹnẹrétọ̀ kò ní pariwo, tàbí kí wọ́n lo iná oòrùn. Bí ó bá sì ti wà nílẹ̀ tó ń ni yín lára, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò ariwo sílẹ̀, ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ẹ kọ̀wé sí àwọn àjọ tí mo dárúkọ. Ẹ má gé wáyà, ẹ má sì dáná sun nǹkan, nítorí a kì í fi ìnira mú ìnira kúrò.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe aládùúgbò tí ọkàn ẹlòmíràn ń balẹ̀ sí. Āmīn. Wassalāmu ‘alaykum.