Ekòló Millson àti Àwọn Àgbẹ̀ Tí Kò Lórúkọ

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ jáwọ́ nínú sísọ pé Òyìnbó ni ó ṣe àwárí igi àti ewé ilẹ̀ Yorùbá. Ta ni í ṣe àwárí ohun tí onílé ti ń fi se ọbẹ̀ láti ayébáyé? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn tó ń bínú sí èyí fẹ́ràn láti máa sọ: pé olè pátápátá ni gbogbo àwọn tó wá kó ewé, pé ìmọ̀ àwọn baba ńlá ni wọ́n jí gbé lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún sọ ní gbangba, ó sì ń mú àtẹ́wọ́ wá, àmọ́ ó ń bo ẹ̀bi kan tó sún mọ́ ilé mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀bi náà, kí ó wo ìgbésí ayé Alvan Millson.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Millson, igbákejì akọ̀wé àgbà fún ìjọba Èkó. Ní 1890 ni wọ́n rán an lọ sí Ìbàdàn nítorí ogun kan tí kò ṣàjèjì sí ọmọ Èkìtì kankan. Wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà Kírìjí láti 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tíì tú ká tán. Ó di 1893 kí ọ̀ràn náà tó parí. Ọkùnrin tí wọ́n rán nítorí ìbọn àti ibùdó ogun ni ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó ń já ewé, ó ń tẹ̀ wọ́n gbẹ láàrin ìwé, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1891, ìwé ìròyìn Kew gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí àwọn ewéko ilẹ̀ Yorùbá láti inú ohun tí ó kó jọ.

Ewé kọ́ ni ó mú orúkọ rẹ̀ pẹ́ láyé, bí kò ṣe ekòló. Ó ya Millson lẹ́nu pé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dá oko sí láti ìran dé ìran ṣì ń mú èso jáde. Ó rí imí ekòló tó bo ilẹ̀ lọ rẹrẹ, ó kó o, ó wọ̀n ọ́n. Ìṣirò rẹ̀ ni pé láàrin ọdún kan, ekòló ń gbé erùpẹ̀ tó lé ní 60,000 tọ́ọ̀nù láti ìsàlẹ̀ wá sókè lórí ilẹ̀ tó jẹ́ máìlì kan níbùú, máìlì kan lóròó. Ìwé tí Charles Darwin kọ lórí ekòló ti jáde ní 1881, nítorí náà etí ti wà nílẹ̀ fún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Beddard fi orúkọ Millson sọ ekòló náà lórúkọ. Lẹ́yìn náà ni odindi ìdílé ekòló kan tún di Millsonia. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti kọ ìwé púpọ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Lamto, ní ilẹ̀ Ivory Coast.

Ta wá ni ó mọ iṣẹ́ ekòló ṣáájú Millson? Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé níbi tí ekòló kò bá ti ṣiṣẹ́, Yorùbá mọ̀ pé asán ni kí òun dá oko síbẹ̀. Kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí gbólóhùn náà ṣe rí: ekòló gba orúkọ, àgbẹ̀ gba "Yorùbá". Ẹni tó kọ ebè, tó fi ọwọ́ tú ilẹ̀, tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé, di ẹ̀yà lásán. Ẹ̀bi Millson nìyí, kò sì kéré.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Henry Millen, tó ṣe alábòójútó ọgbà ewéko tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà. Igi ọ̀mọ̀, tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìlù kí wọ́n tó bí baba Millen, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Cordia millenii lónìí. Obì ẹdun di Cola millenii. Millen kọ́ ni ó sọ igi ní orúkọ ara rẹ̀ o. Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ní Yúróòpù ni wọ́n fi dá a lọ́lá.

Kí àwọn tó ń pariwo olè tún rántí Charles Barter. Ó bá ikọ̀ Baikie wọ odò Ọya ní 1857. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ sórí àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Kò padà sílé mọ́. Rábà ni ó kú sí ní 1859. Òwò ni ìjọba tó rán wọn ń wá, kì í ṣe ẹwà òdòdó, èyí kò ṣeé jiyàn. Síbẹ̀ ẹni tó fi ẹ̀mí dí ohun tí ó ń kó jọ kò jọ olè tó wá lóru. Lónìí, ewéko kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, Anubias barteri, wà nínú àpótí omi àwọn tó ń sin ẹja káàkiri àgbáyé.

Ẹ̀bi tó sún mọ́ ilé nìyí. Àwọn àlejò wọ̀nyí tẹ́tí. Ta ni ó ń tẹ́tí báyìí? Akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì lè kọ Elaeis guineensis láìṣì í kọ, kí ó má mọ ọ̀mọ̀ yàtọ̀ sí ìrókò. Ó há a sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ekòló ń tú ilẹ̀, bí ẹni pé òkè òkun ni ìmọ̀ náà ti wá, nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ tó ń gbin iṣu lè ti sọ ọ́ fún un. Ìwé kò wọ́n. Dalziel kó orúkọ Yorùbá jọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1937. Z. O. Gbile ṣe tirẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1984, ọmọ Yorùbá sì ni. Pierre Verger gbé Ewé jáde ní 1995. Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama mélòó ni ó ní ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè a máa dáhùn pé orúkọ Látìn ni gbogbo ayé ń lò, pé orúkọ Yorùbá kò dúró sójú kan: ohun tí Èkìtì ń pe ewé kan lè yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́. Òótọ́ ni. Látìn ń sọ ewéko tó jẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n obì ẹdun ń sọ ẹran tó ń jẹ ẹ́, Cola millenii kò sì sọ ju ẹni tó já a lọ. Verger fi hàn pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ so mọ́ ara wọn. Bí orúkọ bá ti sọnù, kí ni olùkọ́ Yorùbá fẹ́ fi ṣàlàyé ọfọ̀ náà fún kíláàsì rẹ̀? Kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n há a sórí bẹ́ẹ̀?

Iṣẹ́ náà kò gba owó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ já ewé kan pẹ̀lú òdòdó tàbí èso rẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ gbẹ láàrin ìwé ìròyìn àlòkù, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí ó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i sí abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kew náà nìyẹn. Kí olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè bá a wá orúkọ Látìn, kí olùkọ́ Yorùbá gba orúkọ tí ìlú ọmọ náà ń pè é, ní ẹ̀ka èdè ìlú náà, láìfi ti Ọ̀yọ́ pa á rẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ orúkọ àgbàlagbà tó sọ ọ́ fún un, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú àmì ohùn.