Kílìtì fún Òkè àti Pápá: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ní oṣù yìí, aṣọ kan tí kì í ṣe tiwa ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Kílìtì ni orúkọ rẹ̀, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Scotland, èyí tí àwọn ọkùnrin wọn máa ń ró mọ́dìí. Àwọn ènìyàn wa wà ní Glasgow, Edinburgh àti Aberdeen nísinsìnyí. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ yóò fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gun òkè, yóò sì fẹ́ wọ ohun tí ẹgbẹ́ ń wọ̀. Ìyá ni yóò wá bá fún owó. Owó náà kò sì kéré, nítorí pé ojúlówó kílìtì tí a fi irun àgùntàn hun, tí a sì fi ọwọ́ rán, lè gba ọgọ́rùn-ún mélòó kan pọ́n-ùn. Èyí tó tún wá burú ju pípàdánù owó lọ ni pé aṣọ tó dára lójú agbo ìgbéyàwó lè ṣe ẹni tó wọ̀ ọ́ ní jàǹbá lórí òkè.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkè tí wọ́n ń gùn. Ben Nevis, òkè tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ga tó 1,345 mítà. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i, nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 Sẹ́líṣíọ̀sì fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n 15 ní ìlú Fort William tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ó lè má ju ìwọ̀n 6 lọ ní ṣóńṣó rẹ̀. A kò tíì ka òjò àti ìjì mọ́ ọn. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá rin gbingbin níbẹ̀, ooru ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ títí tí ọkàn rẹ̀ yóò fi dàrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní gbé e mọ́, ìbáà jẹ́ nínú oṣù Kéje.

Aṣọ ìta ni kílìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, jẹ́ aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ń ṣẹ́ po mọ́ ìdí, tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì dè, tí wọ́n sì ń gbé ìyókù rẹ̀ kọ́ èjìká. Bí òjò bá dé, wọn a fi borí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a fi bora sùn. Ìjọba fi òfin de aṣọ náà ní 1746 lẹ́yìn ogun Culloden, wọn kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin yìí títí di 1782. Nígbà tí ó tún padà gbajúmọ̀, aṣọ ayẹyẹ ni ó ti ń dà. Ohun tí ẹ ó sì rí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù lónìí nìyẹn. Àwa náà mọ ìyàtọ̀ yìí ní ilẹ̀ wa. Àwọn ìyá wa àgbà kì í ró ẹtù lọ sí oko; kíjìpá ni wọ́n ń ró. Kíjìpá ti kílìtì ni ẹ ó wá.

Ohun tí a fi hun ún

Irun àgùntàn ni ó dára jù fún òkè. Ó lè fa ọ̀rinrin tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ kí ara tó mọ̀ pé ó tutù, bí ó tilẹ̀ rin, ó ṣì ń mú ooru díẹ̀ dúró. Kì í tètè gbiná, èyí tó ṣàǹfààní fún ẹni tó ń dáná nínú pápá.

Aṣọ òwú ń tu ara lára ní ilé wa nítorí pé ó ń fa òógùn, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru kúrò lára. Ìwà yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ó yẹ fún ibi òtútù. Àwọn kílìtì olówùú nínípọn tó ní àpò lọ́tùn-ún lósì, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Utilikilts bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ní 2000, dára fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ìrìn ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá pa wọ́n, wọ́n á wúwo, wọn kì í sì í tètè gbẹ.

Àdàlù tó ní pólíẹ́sítà máa ń yá gbẹ, ó ṣeé fi ẹ̀rọ fọ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó yẹ ọmọ tó ṣì ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un kí ó jìnnà sí iná, nítorí pé pólíẹ́sítà a máa yọ́ mọ́ ara.

Bí ọlọ́jà bá ń búra pé irun àgùntàn ni, ẹ tọrọ àfọ́kù aṣọ náà. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, ẹ fi ẹ̀mú mú un sórí àwo irin, kí ẹ sì ṣáná sí i. Irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tó jó, eérú rẹ̀ a sì rún lọ́wọ́. Òwú a máa rùn bí ìwé tó jó. Pólíẹ́sítà a yọ́, yóò sì ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ líle.

Iye ọ̀pá àti ìwúwo

Ọ̀pá 8 ni wọ́n fi ń rán kílìtì òde, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà nínú ìṣẹ́po ẹ̀yìn, tí àwọn télọ̀ ń pè ní pílíìtì. Bí aṣọ náà bá jẹ́ irú èyí tó nípọn jù, tí mítà kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 500 gíráàmù, kílìtì kan lè súnmọ́ kílò 2 kí òjò tó kán sí i. Ẹrù ni lẹ́yìn agòkè. Ọ̀pá 4 tàbí 5 tó fún ìrìn, kí mítà kan sì wúwo tó nǹkan bí 400 gíráàmù. Ẹ má ra èyí tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ dáadáa, nítorí pé afẹ́fẹ́ yóò máa gbé e sókè, ojú yóò sì ti ẹni tó wọ̀ ọ́.

Gígùn àti bí ó ṣe bára mu

Kí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kílìtì òde sábà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Fún òkè, ẹ jẹ́ kí ó fi íńṣì kan tàbí íńṣì kan àbọ̀ ga sókè. Ìdí ni pé etí aṣọ tó rin máa ń ha ẹ̀yìn orúnkún. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918, ẹrẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ etí kílìtì àwọn ọmọ ogun Scotland. Bí ẹrẹ̀ náà bá dì nínú òtútù, a máa gé wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ gbé àpò ẹ̀yìn kọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń dán aṣọ wò. Kílìtì ní okùn awọ tó ní ìkọ́ ní ẹ̀gbẹ́. Bí okùn ìdí àpò bá bọ́ sórí ìkọ́ yìí, egbò ni yóò dá sílẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Kí ó rìn, kí ó gun àtẹ̀gùn, kí ó bẹ̀rẹ̀. Àpò awọ tí wọ́n ń so síwájú kílìtì, ilé ni kí ó wà. Pín-ìnnì tí wọ́n ń fi sí i, ìṣẹ́lé òkè nìkan ni à ń fi gún. Bí ó bá gún méjèèjì pọ̀, aṣọ yóò ya bí ẹsẹ̀ bá là. Kí ó sì wọ ṣòkòtò péńpé tó dé àárín itan sábẹ́ rẹ̀, kí itan má baà bó. Ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé a kì í wọ nǹkan kan sábẹ́ kílìtì.

Ohun tí kílìtì kò bò

Eégbọn pọ̀ nínú koríko gíga àti ewéko òkè Scotland, ó sì lè kó àrùn Lyme ranni. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn àti aṣọ ìdìsẹ̀ tó bo ojúgun yóò dáàbò bo ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ṣì wà ní ìhòòhò. Bí wọ́n bá ti dé ilé, ẹ yẹ ara wọn wò: ẹ̀yìn orúnkún, itan, abẹ́. Bí ẹ bá rí eégbọn, ẹ fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú un ní ibi tó ti kan awọ ara, kí ẹ sì fà á jáde jẹ́jẹ́. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má sì fi òróró pa á. Bí ara bá pọ́n tí ó sì ń fẹ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Egbòogi wà fún un.

Kí ṣòkòtò gígùn àti aṣọ òjò máa wà nínú àpò ní gbogbo ìgbà. Ní ìgbà yìnyín, ẹ jẹ́ kí kílìtì sinmi sílé.

Ìtọ́jú rẹ̀

Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn, gbogbo aṣọ kọ́ sì ni à ń fi ẹ̀rọ fọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá kan kílìtì onírun àgùntàn, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n. Bí ó bá di dandan kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi òwú rán àwọn ìṣẹ́po mọ́lẹ̀ gbọ̀rọ̀-gbọ̀rọ̀, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ má lọ́ ọ, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí oòrùn kò sí. Ìgbà tí ẹ bá lọ̀ ọ́ tán ni kí ẹ tó tú òwú náà. Fún ìrìn àjò, ẹ ká a gbọọrọ bí ẹní, kí ẹ sì kì í bọ inú ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ obìnrin kan tó ti gbó; ìṣẹ́po rẹ̀ kò ní bàjẹ́.

Bí owó kò bá tó fún méjì, èyí tó yẹ fún òkè ni kí ẹ rà. Àwọn àgbà wa sọ pé àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Ṣùgbọ́n ní Scotland, àwọn ṣọ́ọ̀bù wà tí ń fi kílìtì òde háyà fún ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n sì ń wọn ìdí ènìyàn kí wọ́n tó gbé e fún un. Ẹ fi ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn háyà. Ọmọ tó ń gun òkè, òun ló nílò aṣọ tirẹ̀.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Kí Olúwa bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé àti ní àjò.