Kí ẹ tó tẹ́ pákó sílẹ̀ ilé yín, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ilé náà wà

Láti Èkó dé Kútọnu, títí dé Accra, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé báyìí ló ń béèrè bóyá kí àwọn tẹ́ pákó sílẹ̀ dípò táìlì. N kò bá wọn jà. Ilẹ̀ onípákó lẹ́wà, kì í tutù sí àtẹ́lẹsẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá sì ti ha, káfíńtà lè fá a kó tún kùn ún. Táìlì tó bá fọ́ kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ilé tó wà létí òkun wa, pàápàá ilé ilẹ̀, èrò tèmi ni pé kò yẹ kí èèyàn náwó lé e.

Ohun àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́. Igi tí wọ́n ti là ṣì ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Lásìkò òjò, pákó á wú, á máa ti ara wọn títí tí òmíràn á fi gbórí sókè. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á súnkì, àlàfo á sì yọ láàrin wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń dá kún un: bó bá ń ṣiṣẹ́, yàrá á gbẹ, bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, ọ̀rinrin á padà wọlé.

Ìkejì ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọn kò bá tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kọnkéré nígbà tí wọ́n ń dà á, omi inú ilẹ̀ á máa gùnkè wá sábẹ́ pákó. Ikán náà á bá ibi tó sán wọlé. Inú igi ìrókò àti tíìkì le fún ikán láti jẹ, ṣùgbọ́n ara funfun tó wà lẹ́yìn igi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àgbàrá bá sì wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ lè fọ táìlì, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ẹ tú pákó dànù.

Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó àti Àjàṣẹ́ mọ èyí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́, òkè ni pákó wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ tún mọ ohun tí wọ́n ń tà fún yín. Odidi igi wà. Èyí tó jẹ́ plywood, tí wọ́n lẹ igi gidi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ lójú, wà. Kì í sábà wú tó odidi igi. Ẹ̀kẹta jẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n lẹ àwòrán igi mọ́. Bí omi bá wọnú rẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi ẹ̀gbẹ́ pákó hàn yín, ẹ ó rí ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igbó náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ọdún 2022, ní Panama, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fi igi apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sínú àwọn tí kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ, torí bí a ṣe ń gé wọn. Tíìkì tí èèyàn gbìn wà ní Nàìjíríà, Gánà àti Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pákó, òun ni kó kọ́kọ́ béèrè.

Nítorí náà, bí ilé yín bá ní òkè, tí owó sì wà, ẹ fi pákó sí yàrá òkè, kì í ṣe ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pákó wà nínú yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí ilé ilẹ̀ ni, ẹ fi táìlì tàbí terrazzo sí i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí káfíńtà mú yín lọ wo ilẹ̀ tó ti tẹ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ lọ wò ó nígbà òjò.