Oúnjẹ Ihò Dúdú Ojú Ọ̀run

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bèèrè bóyá ihò dúdú ojú ọ̀run yóò gbé ayé mì, ẹ rán an létí ìléru irin Ìkẹjà: bí a kò bá bọ́ ọ, kò lè jó. Èyí tí ó wà láàrín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ wa, tí a fi àwòrán rẹ̀ hàn ní ọdún 2022, wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù 4. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti ara àwọn ìràwọ̀ itòsí ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń yí i ká bí omi òjò lẹ́nu ihò gọ́tà Agége. Ó ń fi ara gbo ara, ó ń gbóná, ó sì ń tàn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ń fẹ́ padà kí ó tó wọlé. Ebi ni ó ń pa á. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pàápàá a máa rìn tó ọdún 26,000 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹlẹ́dàá ti fi ààlà sí ohun gbogbo.